Iṣẹ́ Onísọ́fítíwíà Kọjá Kíkọ Kóòdù: Àyẹ̀wò Ìgbésí-Ayé Grace Hopper, 1906–1992

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lè kọ kóòdù tí kọ̀ǹpútà sì gbà á láìsí àṣìṣe, a ti kà á sí ẹni tí ó mọ iṣẹ́. Ojú kan náà ni àwọn agbanisíṣẹ́ mìíràn fi ń wò ó. Ẹ̀ka Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà wà ní ìhà kan ọgbà, Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Èdè wà ní ìhà kejì, àwọn méjèèjì kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí ẹnì kejì ń ṣe. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìtàn iṣẹ́ sọ́fítíwíà fúnra rẹ̀ kò ti ìyapa yìí lẹ́yìn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni àwọn tí wọ́n dàgbà nínú iṣẹ́ náà, yàtọ̀ sí àwọn tí wọ́n kàn pẹ́ nínú rẹ̀, ti jẹ́ àwọn tí wọ́n mọ bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ní àgbọ́yé, bí a ṣe ń kọ̀wé tí yóò yé ẹni tí kò sí níbi iṣẹ́, bí a ṣe ń kọ́ni, àti bí a ṣe ń bá ẹni tí kò fara mọ́ èrò wa jókòó títí ọ̀rọ̀ yóò fi wọ̀. Ìgbésí-ayé ẹnì kan ni a ó fi ṣe òpó àlàyé wa. Ẹni náà ni Grace Hopper, ará Amẹ́ríkà, tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ìṣirò, tí ó sì fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gágun nínú iṣẹ́ ológun ojú omi.

Ìlú New York ni a ti bí i ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá, ọdún 1906. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣirò àti físíìsì ní Vassar College, ó sì jáde ní 1928. Ní 1934, Yunifásítì Yale fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò. Hopper jẹ́ orúkọ ọkọ rẹ̀, olùkọ́ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì; orúkọ náà ni ó sì ń jẹ́ lọ lẹ́yìn tí ìgbéyàwó wọn tú ká ní 1945.

Ó ti ń kọ́ni ní Vassar láti 1931, ibẹ̀ ni a sì ti kọ́kọ́ rí ohun tí ó mú un yàtọ̀. Bí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa ìṣirò ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó ṣẹlẹ̀, yóò ṣàlàyé ìlànà ìṣirò kan fún kíláàsì, yóò sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lọ kọ àròkọ lé e lórí. Nígbà tí ó bá dá ìwé wọn padà, yíǹkì ti kún inú rẹ̀, nítorí ó máa ń fa ìlà sí ìdí àṣìṣe gírámà àti gbólóhùn tí kò já gaara bí ó ti ń fà á sí ìdí àṣìṣe ìṣirò. Ẹ̀yin olùkọ́ èdè tí ẹ ń ka ìwé yìí ti lè fojú inú rí ẹjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà wá rò: kíláàsì ìṣirò ni àwọn forúkọ sí, àwọn kò forúkọ sí kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì. Èsì Hopper ni pé kò sí àǹfààní nínú kí ènìyàn kọ́ ìṣirò bí kò bá lè sọ ohun tí ó mọ̀ kí ó yé ẹlòmíràn. A gbà pé gbogbo ohun tí ó ṣe lẹ́yìn èyí nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, láti ibí yìí ni ó ti jáde.

Ogun Àgbáyé Kejì ni ó gbé e kúrò ní kíláàsì. Ó wọ iṣẹ́ ológun ojú omi ní oṣù Kejìlá, 1943, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí Yunifásítì Harvard ní 1944, lábẹ́ Howard Aiken, níbi tí ẹ̀rọ aṣèṣirò ńlá kan tí à ń pè ní Mark I wà. Gígùn ẹ̀rọ náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 51. Inú bébà gígùn tí a lu ihò sí ni a máa ń kọ àṣẹ fún un sí. Hopper jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn péréte tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí láyé. Kò tíì pẹ́ níbẹ̀ nígbà tí Aiken pàṣẹ fún un pé kí ó kọ ìwé nípa ẹ̀rọ náà. Hopper ní òun kò kọ ìwé rí. Aiken dá a lóhùn pé iṣẹ́ ológun ni ó wà báyìí, àṣẹ sì ni àṣẹ.

Ìwé tí ó tibẹ̀ jáde ní 1946 jẹ́ ojú-ewé 561. Bí ó bá ti kọ díẹ̀, yóò kà á sí etí Aiken, wọn yóò sì jọ tún un ṣe. Orí kìíní rẹ̀ jẹ́ ìtàn ẹ̀rọ aṣèṣirò láti ìgbà àtijọ́ dé orí Charles Babbage ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ nílẹ̀ nìyẹn, obìnrin yìí sì kọ́kọ́ wá ibi tí yóò gbé e kalẹ̀ sí nínú ìtàn kí ó tó sọ bí a ṣe ń lò ó. Nínú kíkọ ìwé yìí ni ó ti mọ ẹ̀rọ náà ju bí àwọn tí wọ́n kàn ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n lọ, nítorí ohun tí ènìyàn kò bá lè ṣàlàyé kò tíì yé e.

Ó ṣeni láàánú pé kòkòrò kan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ Hopper. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án, 1947, àwọn òṣìṣẹ́ rí kòkòrò àfòpiná kan nínú ẹ̀rọ Mark II, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́. Hopper fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn náà, nítorí náà ni àwọn ènìyàn ṣe rò pé òun ni ó rí kòkòrò náà, tàbí pé òun ni ó dá a sílẹ̀ pé kí a máa pe àṣìṣe inú ẹ̀rọ ní kòkòrò. Àwọn oníṣẹ́-ẹ̀rọ ti ń pe àbùkù ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ayé Thomas Edison. Ẹ jẹ́ kí a fi kòkòrò sílẹ̀.

Ní 1949, Hopper dara pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ Eckert àti Mauchly ní Philadelphia, níbi tí wọ́n ti ń ṣe kọ̀ǹpútà UNIVAC tí wọn yóò máa tà fún ìjọba àti fún àwọn oníṣòwò. Ní 1950, ilé-iṣẹ́ Remington Rand rà wọ́n. Ohun tí Hopper ṣe níbẹ̀ yẹ kí a dúró lé lórí, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti kúrò ní ti ẹni tí ń kọ kóòdù dáadáa tí ó sì di ti ẹni tí ń wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń kọ ọ́.

Ohun tí ó ṣàkíyèsí kò le. Olúkúlùkù òṣìṣẹ́ ní ìwé-ìléwọ́ tí ó máa ń da àwọn abala kóòdù tí ó ti ṣiṣẹ́ rí kọ sí. Bí ẹnì kan bá nílò ọ̀nà láti wá sáìnì igun kan, yóò yá ìwé ẹlòmíràn, yóò sì fi ọwọ́ dà á kọ. Yóò tún ní láti ṣe àròpọ̀ kí nọ́ńbà inú abala náà lè bá àyè tuntun tí ó fi í sí mu. Ibi méjèèjì yìí ni àṣìṣe ti ń wọlé. Àwọn onímọ̀ ìṣirò tí wọ́n gba oyè kò mọ ọ̀rọ̀ dà kọ, wọn kò sì mọ àròpọ̀ ṣe! Hopper bi ara rẹ̀ pé ta ni kì í ṣe àṣìṣe nínú ìdàkọ àti àròpọ̀, ìdáhùn rẹ̀ sì ni kọ̀ǹpútà. Nítorí náà ni ó ṣe kọ ètò tí ó pè ní A-0, tí ó máa ń ṣa àwọn abala kóòdù jọ fúnra rẹ̀ tí yóò sì tò wọ́n pọ̀. Nítorí ìṣàjọ yìí ni ó ṣe pè é ní compiler. Ó gbé e kalẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Pittsburgh ní 1952, nínú bébà kan tí àkọlé rẹ̀ sọ nípa bí a ó ṣe fi ẹ̀kọ́ fún kọ̀ǹpútà. Olùkọ́ nìkan ni ó lè ronú irú àkọlé bẹ́ẹ̀.

Àwọn ènìyàn kò tètè gbà á gbọ́. Wọ́n ní ìṣirò nìkan ni kọ̀ǹpútà lè ṣe, kò lè kọ ètò fún ara rẹ̀. Hopper kò bá wọn jà. Ó ń kiri, ó ń ṣàlàyé, ó sì ń gbọ́ ohun tí àwọn oníbàárà ń sọ. Gbígbọ́ yìí ni ó mú un dé orí èrò kejì. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fẹ́ràn àmì ìṣirò, ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣètò owó-oṣù òṣìṣẹ́, tí ń ka ọjà inú ilé ìkẹ́rù, tí ń ṣírò owó ìbánigbófò, ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń ronú. Èé ṣe tí a ó fi máa fi àmì ìṣirò yọ wọ́n lẹ́nu? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ àṣẹ ní ọ̀rọ̀ tí ó yé wọn, kí ẹ̀rọ sì ṣe ògbufọ̀ rẹ̀ sí èdè tirẹ̀.

Kí ó lè rí owó fún iṣẹ́ yìí, Hopper àti àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́ ṣe àfihàn kékeré kan fún àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ní nǹkan bí 1955. Wọ́n kọ ètò kúkurú kan ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, kí àwọn ọ̀gá lè rí i pé ọgbọ́n náà kò mọ sí ibì kan, wọ́n kọ ètò kan náà ní Faransé, wọ́n sì tún kọ ọ́ ní Jámánì. Ọ̀rọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ lójú ẹ̀rọ. Àpẹẹrẹ àmì lásán ni, bí a bá sì ti yí àtẹ àwọn ọ̀rọ̀ padà, ẹ̀rọ yóò ṣe iṣẹ́ kan náà. Àṣé wàhálà ni wọ́n ń pè wá sílé. Jìnnìjìnnì mú àwọn ọ̀gá. Báwo ni kọ̀ǹpútà ọmọlúàbí tí a ṣe ní Philadelphia, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, yóò ṣe máa gbọ́ Faransé àti Jámánì? Gẹ́gẹ́ bí Hopper ti máa ń sọ ọ́ lẹ́yìn náà, ó gba òun ní oṣù mélòó kan láti tù wọ́n lójú, ó sì ní láti ṣèlérí pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni àwọn yóò lò.

Ẹ̀rín ni àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń fi ìtàn yìí rín. Àwa tí a ń kọ̀wé ní èdè Áfíríkà kò lè rín ẹ̀rín náà tán. A kò sọ pé ìpàdé kan ṣoṣo ni ó fi Gẹ̀ẹ́sì jọba lórí kóòdù, nítorí ọrọ̀-ajé Amẹ́ríkà tó ṣe bẹ́ẹ̀ láìsí ìpàdé. Síbẹ̀, ó hàn gbangba nínú rẹ̀ pé ohun tí ó dí ọ̀nà kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ti gbà. Hopper alára sì kọ́ ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ tí kò sí nínú ìwé ìṣirò kankan, èyíinì ni pé kí àfihàn ṣiṣẹ́ kò tó, ó yẹ kí a mọ ohun tí ń ba ẹni tí yóò san owó lẹ́rù. Ètò tí ó tibẹ̀ jáde, tí a pè ní FLOW-MATIC, dé ọwọ́ àwọn oníbàárà kí àwọn ọdún 1950 tó parí.

Nígbà tí ó di 1959, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ń ṣe èdè tirẹ̀, ètò tí a kọ fún ẹ̀rọ kan kò sì wúlò lórí ẹ̀rọ mìíràn. Mary Hawes, tí ó wà ní ilé-iṣẹ́ Burroughs, ni ó ké gbàjarè pé kí gbogbo wọn pàdé. Wọ́n ṣe ìpàdé kékeré kan ní Yunifásítì Pennsylvania ní oṣù Kẹrin. Ní oṣù Karùn-ún, Iléeṣẹ́ Ààbò ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbà wọ́n lálejò ní Pentagon. Ìgbìmọ̀ tí a dá sílẹ̀ níbẹ̀ ni ó ṣe èdè COBOL. Hopper kò sí lára àwọn tí wọ́n jókòó kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀, bí àwọn kan tilẹ̀ ti máa ń pè é ní ìyá COBOL; Jean Sammet àti àwọn mìíràn ni ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù. Olùdámọ̀ràn ni Hopper jẹ́, FLOW-MATIC rẹ̀ sì ni ìpìlẹ̀ tí wọ́n kọ́ lé lórí.

Irú iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí àwa onímọ̀ èdè Yorùbá. Nígbà tí àwọn aṣojú ìjọ CMS pàdé ní Èkó ní 1875 lórí àkọtọ́ wa, ohun tí wọ́n ń ṣe jọ èyí: àwọn tí olúkúlùkù wọn ti ní ọ̀nà ìkọ̀wé tirẹ̀ jókòó, wọ́n jiyàn lórí àmì, wọ́n sì fẹnu kò sí ohun tí kò tẹ́ ẹnì kan lọ́rùn tán ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn lè lò. Ẹni tí ó bá ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ àkọtọ́ rí mọ̀ pé ìmọ̀ fònẹ́tíìkì nìkan kò lè parí iṣẹ́ níbẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá, 1960, a ṣe ìdánwò ètò COBOL kan náà lórí kọ̀ǹpútà RCA àti lórí UNIVAC, ó sì ṣiṣẹ́ lórí méjèèjì lẹ́yìn àtúnṣe díẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé kò yé bú èdè náà. Edsger Dijkstra, onímọ̀ ńlá ará Netherlands, kọ̀wé ní 1975 pé ó ń ba ọpọlọ ẹni tí ń lò ó jẹ́. Ẹ̀sùn pé ọ̀rọ̀ pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin, 2020, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́, gómìnà ìpínlẹ̀ New Jersey ní láti jáde lọ bẹ àwọn tí wọ́n mọ COBOL pé kí wọ́n wá ran ìjọba lọ́wọ́, nítorí òun ni ó ṣì wà nídìí ẹ̀rọ tí ń san owó ìrànwọ́ fún àwọn tí kò níṣẹ́. Ọgọ́ta ọdún ni èdè ìgbìmọ̀ náà ti lò nígbà náà.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé obìnrin kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ yìí bá mu, kí ó wo Frederick Brooks ti ilé-iṣẹ́ IBM. Òun ni ó darí iṣẹ́ OS/360, ètò ńlá tí yóò máa ṣàkóso àwọn kọ̀ǹpútà tí IBM kéde ní 1964. Ènìyàn tí ó lé ní 1,000 ni ó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà nígbà tí ó le jù, ó sì pẹ́ kọjá àkókò tí a dá. Nínú ìwé tí Brooks tẹ̀ jáde ní 1975, ó ṣàlàyé pé bí iṣẹ́ sọ́fítíwíà bá ti pẹ́, tí a bá tún kó ènìyàn sí i, yóò túbọ̀ pẹ́ ni. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Ènìyàn 3 ní ọ̀nà 3 láti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ènìyàn 10 ní ọ̀nà 45. Ènìyàn 50 ní 1,225. Ọ̀rọ̀ sísọ ni ó ń jẹ àkókò wọn. Ní oṣù Kẹwàá, 1968, àwọn bí 50 láti orílẹ̀-èdè 11 péjọ sí Garmisch ní Jámánì lábẹ́ àjọ NATO láti jíròrò ìdí tí àwọn iṣẹ́ ńlá fi ń forí ṣánpọ́n. Peter Naur, ará Denmark, wà lára àwọn tí wọ́n ṣàtúntò àkọsílẹ̀ ìpàdé náà. Ní 1985, òun kan náà jiyàn pé ètò kọ̀ǹpútà kò sí nínú kóòdù tí a kọ sílẹ̀. Inú òye àwọn tí wọ́n kọ ọ́ ni ó wà, bí wọ́n bá sì túká, kóòdù tí ó ṣẹ́kù kò lè dá òye náà padà. Ẹni tí ó ti rí àkójọ ẹsẹ Ifá nínú ìwé, tí ó sì ti rí babaláwo tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ọ̀gá rẹ̀, mọ ohun tí Naur ń wí.

Hopper padà sí iṣẹ́ ológun pátápátá ní 1967. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n ní kí ó wá fi tún ètò COBOL iṣẹ́ ológun ojú omi ṣe, ó sì lo bí ọdún 19 níbẹ̀. Kóòdù tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ń dín kù, ìkọ́ni rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Nígbà tí àwọn ọ̀gágun bá béèrè ìdí tí ìròyìn láti ojú sánmà fi ń pẹ́, yóò mú wáyà kan tí gígùn rẹ̀ kò pé ẹsẹ̀ bàtà kan jáde nínú àpò rẹ̀, ní ìwọ̀n íǹṣì 11.8, yóò ní ìyẹn ni ọ̀nà tí iná mànàmáná lè rìn jù lọ ní ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá. Yóò wá ní kí wọ́n ka iye irú wáyà bẹ́ẹ̀ tí ó wà láàárín ilẹ̀ àti sátẹ́láìtì. Ó máa ń pín wáyà náà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n gbé e lọ ilé. Ẹni ọdún 79 ni nígbà tí ó fẹ̀yìn tì ní oṣù Kẹjọ, 1986. Ó kú ní ọjọ́ kìíní ọdún 1992.

Ọ̀rọ̀ àfihàn Faransé àti Jámánì yẹn kò tíì tán nílẹ̀ wa, ó kàn ti yí padà ni. Unicode, ìlànà àgbáyé tí ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n kò fún ẹ́ tàbí ọ̀ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lẹ́tà àti àmì ohùn ni a ní láti so pọ̀. Ìlànà náà kò sì tún gba irú lẹ́tà alámì bẹ́ẹ̀ wọlé mọ́. A lè kọ ẹ́ ní ọ̀nà mẹ́ta: kí a fi àmì ohùn lé ẹ lórí, kí a fi àmì sí ìdí é, tàbí kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí e lásán kí a sì fi méjèèjì kún un. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n, bí ẹni tí ó kọ ètò kò bá sì sọ fún un pé ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tí ó bá ń wá orúkọ kan nínú àkójọ kò ní rí i bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn a kúkú bọ́ gbogbo àmì kúrò kí wàhálà lè tán, nígbà náà ni ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ yóò di ọ̀rọ̀ kan.

Àtúnṣe rẹ̀ lórí kóòdù kò ju ìlà kan tàbí méjì lọ. Ohun tí ó ṣòro ni kí onísọ́fítíwíà mọ̀ pé ó yẹ kí òun ṣe é, kò sì lè mọ̀ bí kò bá bá ẹni tí ń kọ́ni ní Yorùbá sọ̀rọ̀. Ní Ìbàdàn, Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá, tí wọ́n jẹ́ oníṣẹ́-ẹ̀rọ, dá àjọ Alt-I sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí gan-an, láti orí kíbọ́ọ̀dù Yorùbá dé orí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa dá ohùn Yorùbá mọ̀. Wọn kò lè ṣe é láìmọ ohun tí ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ń ṣe nínú gbólóhùn, ìyẹn sì jẹ́ ìmọ̀ tí ó wà ní ìhà kejì ọgbà.